Dave Thomas, Olùdásílẹ̀ Ilé Oúnjẹ Wendy's: Ìtàn Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Rex David Thomas, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Dave Thomas (ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1932 – ọjọ́ 8, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002), jẹ́ oníṣòwò oúnjẹ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó dá ilé oúnjẹ Wendy's sílẹ̀ ní ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọdún 1969. Nígbà tí ó fi máa kú, àwọn ẹ̀ka ilé oúnjẹ náà ti tó nǹkan bí 6,000. Ọmọ àgbàtọ́ ni. Kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe ni kíkó àwo kúrò lórí tábìlì lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà bá ti jẹun tán.

A kò yan ìtàn rẹ̀ fún abala yìí láti fi ọrọ̀ rẹ̀ yangàn. Púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni wọ́n ń ta oúnjẹ, tàbí tí wọ́n ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ òwò náà. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n fiyè sí ni pé àwọn ìpinnu pàtàkì tí Thomas ṣe nígbà tí ó di olórí, ibi ìdáná ni ó ti kọ́ wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà yẹsẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ibi ìdáná yìí, àdánù ni ó tẹ̀ lé e.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ìlú Atlantic City, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni wọ́n ti bí Thomas. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí Rex àti Auleva Thomas, tọkọtaya kan láti Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, gbà á tọ́. Kò mọ àwọn òbí tí ó bí i lójú títí ó fi kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 5, Auleva, ìyá tí ó ń tọ́ ọ, jáde láyé. Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti ń mú un láti ìlú kan dé òmíràn níbi tí ó ti ń wá iṣẹ́, tí ọmọ náà kò sì lè pẹ́ ní ibì kan títí yóò fi ní ọ̀rẹ́.

Ẹni tí ó jẹ́ ibi ìsádi fún un ni Minnie Sinclair, ìyá rẹ̀ àgbà nínú ẹbí tí ó gbà á tọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń lo ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà yìí ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé iṣẹ́ tí a bá dáwọ́ lé, kí a ṣe é pé, kí a má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Òun náà ni ó sọ fún un, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, pé ọmọ àgbàtọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, pàápàá nítorí pé kì í ṣe ẹnu bàbá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ó rí i níwájú bí ó ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ fún gbogbo ìlú.

Ilé oúnjẹ ni òun àti bàbá rẹ̀ ti sábà máa ń jẹun. Níbẹ̀ ni ó ti ń wo àwọn ẹbí tí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà, ohun tí kò sí nínú ilé wọn ni ó rí níbẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń rò ó pé òun yóò ní ilé oúnjẹ tòun.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ibi Ìdáná

Ọmọ ọdún 12 ni Thomas nígbà tí ó gba iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Knoxville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó dé ìlú Fort Wayne, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ó sì wọ iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ Hobby House. Láìpẹ́, bàbá rẹ̀ tún fẹ́ kó ẹrù lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọdékùnrin náà kọ̀, ó ní òun kò lọ mọ́. Ó gba yàrá ní ilé ìgbé àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ YMCA ń bójú tó, ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹwàá, ó sì fi gbogbo àkókò rẹ̀ fún iṣẹ́. Ó wí nígbà tí ó dàgbà pé àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ nínú ayé òun ni kíkúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1950, nígbà tí ogun Korea bẹ̀rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn alásè àti oníbúrẹ́dì tí ó wà ní àgọ́ ọmọ ogun ní Fort Benning, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè Jámánì, níbi tí ó ti di sájẹ́ńtì tí ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ ogun tí iye wọn tó 2,000 lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ń dáná fún irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣèṣì ka ẹran, kò gbọdọ̀ pẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò. Ẹ̀kọ́ yìí bá a dé ọjọ́ alẹ́.

Ní ọdún 1953, ó padà sí Hobby House gẹ́gẹ́ bí alásè. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Lorraine Buskirk, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1954, Ọlọ́run sì fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìpàdé Pẹ̀lú Sanders, àti Iṣẹ́ ní Columbus

Ẹni tí ó ni Hobby House ni Phil Clauss. Ní nǹkan bí àárín ẹ̀wádún náà, Harland Sanders, baba arúgbó onírùngbọ̀n funfun tí aṣọ funfun kì í kúrò lára rẹ̀, dé Fort Wayne. Adìyẹ díndín ni ó ń polówó. Kì í ṣe adìyẹ nìkan ni ó ń tà, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ láti dín in ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ilé oúnjẹ yóò gba orúkọ rẹ̀ àti ìlànà rẹ̀ lò, yóò sì máa san owó kékeré fún un lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà. Ètò àyálò orúkọ yìí ni ó bí ilé oúnjẹ KFC, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Èkó náà lónìí. Clauss gba ẹ̀tọ́ náà, Thomas sì di ọ̀kan nínú àwọn tí Sanders kọ́ ní iṣẹ́.

Ní ọdún 1962, Clauss gbé ìṣòro kan lé Thomas lọ́wọ́. Ó ní ilé oúnjẹ adìyẹ mẹ́rin ní Columbus tí wọn kò pa owó wọlé, tí gbèsè ọrùn wọn sì tó nǹkan bí 200,000 dọ́là. Àdéhùn wọn ni pé bí Thomas bá lè san gbèsè náà tán, tí ó sì sọ àwọn ilé oúnjẹ náà di ohun tí ń mú èrè wá, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Nígbà náà, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ tí ó ń bọ́, bẹ́ẹ̀ ni Sanders pàápàá gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó má ṣe lọ. Ó lọ.

Ohun tí ó ṣe ní Columbus yẹ fún àgbéyẹ̀wò, nítorí pé kò sí ìdán nínú rẹ̀. Èkíní, ó rí i pé oríṣiríṣi oúnjẹ tí wọ́n ń tà ti pọ̀ jù. Bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù, èyí tí a rà sílẹ̀ yóò máa bàjẹ́, alásè kò ní mọ ọ̀kankan ṣe dáadáa, oníbàárà yóò sì dúró pẹ́. Ó gé ọ̀pọ̀ kúrò, ó sì gbájú mọ́ adìyẹ. Èkejì, kò sí owó tí yóò fi polówó ọjà lórí rédíò. Ó gbé adìyẹ díndín fún ilé iṣẹ́ rédíò dípò owó, àwọn náà sì bá a polówó. Ẹ̀kẹta, òun ni a ka pátákó olóòyì tí a ṣe bí garawa adìyẹ, tí ó ní ìlà pupa àti funfun, sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti òkèèrè yóò ti rí i kí ó tó dé ibẹ̀. Ìtàn tún sọ pé Thomas wà lára àwọn tí wọ́n rọ Sanders láti máa fi ojú ara rẹ̀ hàn nínú ìpolówó.

Gbèsè náà tán. Ní ọdún 1968, ó ta ìpín rẹ̀ padà fún ilé iṣẹ́ KFC ní 1,500,000 dọ́là. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tí ó di olówó mílíọ̀nù.

Ìdásílẹ̀ Wendy's

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, Thomas ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní òpópónà East Broad ní àárín ìlú Columbus. Hámbọ́gà ni ó pinnu láti tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti wà lórí òwò náà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí àyè mọ́ fún ẹlòmíràn. Ojú ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìdáná ni òun fi wò ó: oníbàárà tí ó fẹ́ hámbọ́gà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dín, tí a kò tò sílẹ̀ kí ó tó dé, kò rí ibi tí yóò ti yára rà á.

Nítorí náà, ẹran màlúù tútù tí a kò fi sínú yìnyín ni ó ń lò. Ó ṣe é ní onígun mẹ́rin, ó sì fi sáàárín búrẹ́dì roboto, kí igun ẹran náà lè yọ jáde kí oníbàárà sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó san owó fún. Kò sí hámbọ́gà tí a ti ṣe tán tí ń dúró de ènìyàn; bí oníbàárà bá ti ń béèrè ni wọn yóò máa tò ó gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fẹ́. Oúnjẹ tí ó kọ́kọ́ ń tà kò pọ̀: hámbọ́gà, ànàmọ́ díndín, ọbẹ̀ ẹran àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní chili, wàrà dídì aládùn tí ó sọ ní Frosty, àti ohun mímu.

Ọbẹ̀ chili yìí ni ó fi ìmọ̀ ibi ìdáná hàn jù lọ. Ẹni tí ó bá ní kí ẹran òun máa wà lórí iná kí oníbàárà tó dé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò pẹ́ jù lórí iná, kò sì ní ṣeé tà bí hámbọ́gà mọ́. Dípò kí ó dà á nù, ńṣe ni wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀. Ohun tí ìbá jẹ́ àdánù di oúnjẹ gidi tí ó ń mú owó wọlé. Láìsí ọbẹ̀ yẹn, ìlérí ẹran gbígbóná ìbá ti jẹ gbogbo èrè rẹ̀.

Orúkọ ilé oúnjẹ náà wá láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, Melinda Lou, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè pe Melinda dáadáa nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Wendy ni ó sì mọ́ wọn lẹ́nu. Àwòrán ọmọ náà, onírun pupa tí a di sí ọ̀tún àti òsì, ni ó di àmì ilé iṣẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Thomas wo ọmọ kí ó tó sọ ilé lórúkọ. Ọmọ náà ti sọ ní gbangba lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ pé bàbá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun, nítorí pé ẹrù tí ó wúwo ni fún ènìyàn láti gbé orúkọ tí ó tún jẹ́ orúkọ òwò káàkiri. A rò pé ó yẹ kí àwọn tí ń fi orúkọ ọmọ wọn dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́ èyí.

Ìdàgbàsókè Ilé Iṣẹ́ Náà

Ní ọdún 1970, Thomas ṣí ilé oúnjẹ kejì ní Columbus. Ó fi fèrèsé kan sí i níbi tí onímọ́tò ti lè gba oúnjẹ rẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀, ó sì ya ààrò ìdínran ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún fèrèsé náà. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ta oúnjẹ fún ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe tò ó kò jẹ́ kí àwọn tí ó wà nínú ilé àti àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1972, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀, ìlú Indianapolis ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín ni ó ti ya ọ̀nà kúrò lára ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ta ẹ̀tọ́ ilé oúnjẹ kan ṣoṣo fún ènìyàn kan. Thomas ń ta ẹ̀tọ́ gbogbo ìlú kan tàbí agbègbè kan. Ẹni tí ó bá gba agbègbè gbọ́dọ̀ ní owó àti ìrírí, yóò sì kọ́ ilé púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà yìí mú kí ilé iṣẹ́ náà tàn bí iná ọyẹ́. Ní ọdún 1976, wọ́n gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ jáde fún ará ìlú láti rà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1978, ilé oúnjẹ náà ti pé 1,000. Ní ọdún 1979, wọ́n gbé tábìlì ewébẹ̀ tútù kalẹ̀, níbi tí oníbàárà ti lè bu èyí tí ó wù ú fúnra rẹ̀.

Ìfàsẹ́yìn àti Àtúnṣe

Ní ọdún 1982, Thomas fi ìṣàkóso ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Clara Peller ti ń wo búrẹ́dì ńlá tí ẹran bíńtín wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń fi ìbínú béèrè pé ẹran dà. Ìbéèrè náà di ọ̀rọ̀ ìgboro jákèjádò Amẹ́ríkà. Walter Mondale tilẹ̀ fi bi alátakò rẹ̀, Gary Hart, nígbà tí àwọn méjèèjì ń du tíkẹ́ẹ̀tì ipò Ààrẹ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní ọdún 1984 náà.

Ṣùgbọ́n ariwo ìpolówó kì í bo àbùkù ibi ìdáná mọ́lẹ̀ pẹ́. Ní ọdún 1985, ilé iṣẹ́ náà gbé oúnjẹ àárọ̀ jáde ní gbogbo àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ẹyin díndín tí a ń ṣe fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ó bá ti béèrè wà lára rẹ̀. Ó dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sáré lọ sí ibi iṣẹ́ kò ráyè dúró dè é, kò sì bá fèrèsé ọlọ́kọ̀ mu. Ìlànà tí ó mú Wendy's ga ni pé kí oúnjẹ má pọ̀ jù, kí ó sì yá. Oúnjẹ àárọ̀ náà ta ko méjèèjì. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jà mọ́ iṣẹ́ tuntun ni ìmọ́tótó àti ìtọ́jú oníbàárà ń dín kù ní àwọn ẹ̀ka kan. Ilé iṣẹ́ náà wọ inú àdánù ní ọdún 1986.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí láti tún nǹkan ṣe ni James Near. Near ti gba ẹ̀tọ́ orúkọ Wendy's rí, ó sì ti fúnra rẹ̀ darí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ. Òun náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti àwọn ẹ̀ka tí kò ṣeé tún ṣe pa, ó tún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ Thomas pé kí ó padà wá. Kì í ṣe orí àga ọ̀gá ni ó ní kí ó padà sí. Ó fẹ́ kí ó máa lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kí àwọn òṣìṣẹ́ rí ẹni tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ bí a ti ń ṣe é. Thomas a máa fi oyè yunifásítì àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe àwàdà pé oyè tòun ni ti garawa àti ìnulẹ̀: ẹni tí kò bá lè nu ilẹ̀, kò yẹ kí ó máa pàṣẹ fún ẹni tí ń nu ún.

Ojú Rẹ̀ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Láti ọdún 1989 ni Thomas ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ilé oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Sanders ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Kò jọ òṣèré. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá kúkúrú àti táì pupa, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àwọn kan nínú àwọn amòye ìpolówó sì kọ́kọ́ rò pé kò ní bá a mu. Àwọn òǹwòran gbà á, nítorí pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń sọ ni. Ìpolówó tí ó ti kópa lé ní 800 kí ó tó kú, àkójọ àkọsílẹ̀ àrà Guinness sì kà á sí ètò ìpolówó tí olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe tí ó pẹ́ jù lọ.

Iṣẹ́ Rẹ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Ọmọ Àgbàtọ́

Ní ọdún 1990, Ààrẹ George H. W. Bush ní kí Thomas jẹ́ agbẹnusọ fún ètò ìjọba tí yóò mú kí àwọn ará ìlú túbọ̀ máa gba ọmọ tọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti pa mọ́ láti ọmọ ọdún 13 wá di ohun tí ó ń sọ lórí ìtàgé. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńláńlá pé kí wọ́n máa ran òṣìṣẹ́ wọn tí ó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́ lọ́wọ́ nípa owó àti àyè ìsinmi, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tí ó bímọ. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 1992, ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ká a lára jù ni àwọn ọmọ tí ó wà ní abẹ́ ìtọ́jú ìjọba, tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, tí àwọn tí ń wá ọmọ jòjòló kì í sì í yà sí. Ó jà fún sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ tí yóò pe àfiyèsí sí ọ̀rọ̀ náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà sì gbé e jáde ní ọdún 2000. Àjọ náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ di òní.

Ìwé Ẹ̀rí Tí Ó Padà Lọ Gbà

Bí òkìkí Thomas ti ń kàn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó ń bẹ̀rù kí àwọn ọmọdé má wo òun kí wọ́n sì máa wí pé ilé ẹ̀kọ́ kò pọn dandan, ṣebí ọkùnrin yìí kò parí ẹ̀kọ́ tí ó fi di olówó. Ní ọdún 1993, ọdún 45 lẹ́yìn tí ó ti kúrò ní kíláàsì, ó gba olùkọ́, ó kàwé, ó jókòó ṣe ìdánwò tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì yege. Ilé ẹ̀kọ́ girama Coconut Creek ní ìpínlẹ̀ Florida gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ọdún náà. Àwọn ọ̀dọ́ náà dìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó rọ́wọ́ mú láyé, wọ́n sì fi òun àti Lorraine jẹ ọba àti ayaba ijó ìdágbére wọn. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Ikú àti Àmì Ẹ̀yẹ

Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni ó pa Thomas ní ìlú Fort Lauderdale, ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ọjọ́ 8, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002. Ọmọ ọdún 69 ni. Columbus ni wọ́n sin ín sí. Ní ọdún 2003, Ààrẹ George W. Bush fi Àmì Ẹ̀yẹ Òmìnira ti Ààrẹ, ọ̀kan nínú èyí tí ó ga jù lọ tí ará ìlú lè gbà ní Amẹ́ríkà, dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ti ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ó wà ní òpópónà East Broad pa ní oṣù Kẹta, ọdún 2007, nítorí pé ọjà ibẹ̀ ti dín kù.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òǹkàwé Mú Lọ

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Thomas mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ka ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ àṣekára nìkan ni ó gbé e ga. Ó rí Clauss tí ó fi ìpín dá a lọ́lá, ó rí Sanders tí ó kọ́ ọ ní òwò, iṣẹ́ ológun sì kọ́ ọ ní ìlànà láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ bí i tirẹ̀ ni kò rí ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Òun gan-an mọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi padà lọ ṣe ìdánwò.

Fún àwọn tí wọ́n ní ilé oúnjẹ, ohun mẹ́rin ni a rí fà yọ. Ẹ jẹ́ kí oríṣi oúnjẹ tí ẹ ń tà mọ níwọ̀n, kí ẹ lè ṣe é dáadáa. Ẹ mọ ohun tí ẹ ó fi èyí tí ó ṣẹ́kù ṣe kí ó tó ṣẹ́kù. Kí ẹ tó fi oúnjẹ tuntun kún èyí tí ẹ ń tà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn alásè yín bóyá ọwọ́ wọn yóò ká a ní àkókò tí èrò bá pọ̀. Bí iṣẹ́ bá sì ti gbòòrò tí ẹ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó jẹ́ ẹni tí ó ti ṣe é rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ̀yin náà má ṣe jìnnà sí ibi ìdáná tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé inú ìwé ìṣirò owó ni ẹ ó ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.